A Kì Í Kí Ẹni Tó Ti Sọdá

Nínú orin ohùn mẹ́ta, ohùn òkè ni ayé ń pàtẹ́wọ́ fún, ohùn ìsàlẹ̀ ló ń mú orí èèyàn wú, ṣùgbọ́n ohùn àárín ò lẹ́nìkan. Bó bá wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ọjọ́ tí kò bá sí níbẹ̀ ni orin máa ń tẹ́ lẹ́nu bí ọbẹ̀ tí ò níyọ̀. Ohùn àárín yìí ni Armantine Delavigne ti ń kọ láti ọmọ ọdún mẹ́jọ. Eudoxie, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló ni ohùn ìsàlẹ̀, òun náà ló sì ni àṣẹ. Zélie tó kéré jù ló ni ohùn òkè, òun náà ló sì ni gbogbo òdòdó tí àwọn ọkùnrin bá gbé wá. Armantine ò janpata. Ó ti gbà pé bí Ọlọ́run ṣe pín in nìyẹn, títí di ọjọ́ tí Théogène Lazare gun àkàbà wọ pálọ̀ ìyá rẹ̀.

Ọdún 1922 ni, nígbà òjò. Òjò ti ba àjà pálọ̀ ilé Delavigne jẹ́ ní Wọ́ọ̀dù Keje, ní New Orleans, Màdáámù Delavigne sì ránṣẹ́ pe rẹ́lérẹ́lé kan tí àdúgbò ń yìn. Eudoxie ní òun ò ní tìtorí òṣìṣẹ́ pa ìdánrawò tì. Ó jókòó sídìí dùùrù, àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì dúró tì í, orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fara kan ara wọn kí ẹnì kan lè máa gbọ́ èémí ẹnì kejì. Wọn ò ní ìwé orin kankan. Etí ni wọ́n fi kọ́ ọ, èémí ni wọ́n sì fi ń mọ ibi tí wọ́n á jọ yà sí.

Lójijì Eudoxie gbá ọwọ́ lu dùùrù.

"Zélie, o tún ti ba orin jẹ́! Kí ló ń ṣe ẹ́ gan-an?"

"Èmi kọ́ o! Ẹ̀gbọ́n, ẹ má parọ́ mọ́ mi."

"Kì í ṣe ẹni kékeré yẹn," ohùn kan sọ látòkè. "Ẹni àárín ló dákẹ́."

Eudoxie gbójú sókè. Ọkùnrin dúdú gíga kan dúró lórí pákó, irun rẹ̀ kún fún ẹfun.

"Ta ló bi ẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó bi mí, Mamzelle. Ṣùgbọ́n ó dákẹ́ lóòótọ́. Ẹfun já sórí dùùrù, òun ló ń wò."

Òótọ́ ni. Armantine ti dákẹ́, òun gan-an ò mọ̀. Ẹ̀rín pa á débi pé ó ní láti di dùùrù mú. Ọdún méjìlá ló ti fi ń kọrin nínú ilé yẹn, ẹnikẹ́ni ò tíì kíyè sí i rí pé ó dákẹ́. Nígbà tí àwọn tó kù wọ kíṣíìnì lọ, ó dúró sísàlẹ̀ àkàbà.

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Láti àárọ̀, ohùn tìẹ nìkan ni mò ń gbọ́," Théogène dáhùn. Kò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ ọjọ́ méjì gba ọjọ́ mẹ́jọ. Zélie, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ní ìdí oúnjẹ: "Àjà yìí mà le o! Àbí ahọ́n ló fi ń rẹ́ ẹ ni?" Armantine ju aṣọ ìnuwọ́ lù ú, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti pọ́n. Oúnjẹ ò wọ̀ ọ́ lẹ́nu mọ́. Ó kọ́kọ́ rò pé ibà ló ń ṣe òun, ìgbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án tí wọ́n gbé àkàbà jáde nínú ilé ló tó mọ̀ pé kì í ṣe ibà.

*

Nénaine Philonise, ìyá ìsàmì Armantine, ló gbà láti ṣe alárinà. Opó ni, láti kékeré ló ti ń wé sìgá ní ilé iṣẹ́ sìgá, ohùn rẹ̀ sì ti ki bíi ti ọkùnrin. Òun àti Màdáámù Delavigne, tó máa ń pè ní Aurore, jọ dàgbà ni, kò sí ọ̀rọ̀ tí wọn ò lè sọ síra wọn.

"Aurore, ọmọ náà níṣẹ́ lọ́wọ́, kì í mutí, ó ń tọ́jú ìyá ẹ̀. Kí lo tún ń wá?"

"Mo ti rí iṣẹ́ ẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀ dáa. Àwọ̀ ẹ̀ ni mi ò fẹ́."

"Ṣé àwọ̀ lọmọ ẹ fẹ́ fẹ́ ni, àbí èèyàn?"

"Philonise, má ṣe bíi pé o ò gbé ìlú yìí. O mọ àpò bébà aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń kọ́ sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn wa. Ẹni tó bá dúdú jù ú lọ ò gbọdọ̀ wọlé ijó. Ṣé kí ọmọ mi máa jó nínú, kí ọkọ ẹ̀ dúró síta pẹ̀lú àwọn ẹṣin?"

"Ẹṣin ti tán nígboro, ọ̀rẹ́ mi. Mọ́tò ló kù. Jẹ́ kó dúró ti mọ́tò."

Armantine tó ń tẹ́tí lẹ́yìn ilẹ̀kùn ò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín tàbí kí òun sunkún. Ìyá rẹ̀ kì í ṣe ìkà, ẹ̀rù ló ń bà á. Aláwọ̀ dúdú ni àwọn Delavigne náà, ṣùgbọ́n ara wọn pupa débi pé àjèjì lè pè wọ́n ní òyìnbó. Ilé tí èèyàn bá fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ lórí pé awọ ara òun pupa díẹ̀ ju ti aládùúgbò, irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ mì.

Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni Nénaine fi lọ, tó fi bọ̀. Níkẹyìn Màdáámù Delavigne rí i pé ọmọ òun ń rù, ó sì rẹ̀ ẹ́.

"Ó dáa. Lẹ́yìn Àjíǹde. Mi ò gbọdọ̀ gbọ́ ìgbéyàwó nínú Lẹ́ńtì. Ṣùgbọ́n kẹ́nikẹ́ni má sọ pé èmi ni mo wá a wálé o."

Nénaine fi apá gbá Armantine mọ́ra lójú ọ̀nà. "Ó parí. Bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárinà á yẹ̀bá. Ṣáà ti má gbàgbé mi tí kọfí bá hó."

*

Fadá ti ka ìkéde ìgbéyàwó wọn lẹ́ẹ̀mejì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ku ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí lẹ́tà dé láti Chicago.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí lẹ́tà náà ṣe rí ọ̀nà wá. Ní oṣù kọkànlá tó ṣáájú, àwọn kan tó ń gba orin sínú àwo ti Àríwá wá, wọ́n háyà ilé ìkẹ́rù kan létí odò. Àwọn ọmọ Delavigne lọ, wọ́n kó orí jọ síwájú ìwo ẹ̀rọ, wọ́n kọ orin méjì. Àwo orin ò lójú. Àwọn tó ń tà á gbọ́ orúkọ Faransé, wọ́n gbọ́ ohùn tó mọ́, wọ́n kó wọn sáàárín àwọn akọrin òyìnbó. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n, wọn ò sì sọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè fọ́tò, Eudoxie sì bu pọ́dà díẹ̀ sójú gbogbo wọn kó tó kó wọn lọ yà á. Ní báyìí hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ní Chicago ń pè wọ́n, kí wọ́n wá máa kọrin nínú gbọ̀ngàn rẹ̀ àti lórí rédíò. Aláwọ̀ dúdú kankan ò lè gba ẹnu ọ̀nà iwájú hòtẹ́ẹ̀lì yẹn wọlé.

"Théogène ńkọ́?" ni Armantine kọ́kọ́ béèrè.

"Ọdún kan péré ni mo bẹ̀ ẹ́," Eudoxie wí.

"Ìkéde ti jáde lẹ́ẹ̀mejì, Ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ̀kẹta á dúró. Armantine, wò mí. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mí. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé ni mo ti ń gba ẹ̀yìnkùlé wọ ibi tí mo ti fẹ́ kọrin. Ó ti sú mi. Ṣé o rò pé a lè fi ọmọlọ́mọ sí ipò ẹ? A ti gbìyànjú nígbà tó o ṣàìsàn. Ṣe ló dà bí ìgbà táwọn mẹ́ta ń jà nínú ṣálángá. Tó ò bá lọ, a ò lọ."

Nígbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa sọ fún un pé òun ṣe pàtàkì. Ó dùn ún pé irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ló yàn láti sọ ọ́.

Ìyá wọn wà nídìí tábìlì. Ó ń pa aṣọ tábìlì pọ̀, ó ń tú u, ó tún ń pa á pọ̀.

"Ara ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pupa tó," ó wí nígbẹ̀yìn. "Ẹ ó sọdá sọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, ẹ ó di ọ̀kan nínú wọn, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Numa, àbúrò mi, sọdá, mo pàdé ẹ̀ lọ́jọ́ kan ní òpópónà Canal, òun àti ìyàwó ẹ̀ òyìnbó. Ọmọ ìyá mi ni o! Mo kọjú sí gíláàsì ṣọ́ọ̀bù, mò ń wo bàtà tí mi ò rà, títí ó fi kọjá. A kì í kí ẹni tó ti sọdá. Ẹni tó bá fẹ́ràn ẹ̀ gan-an ló ń gbójú kúrò."

"Maman, ẹ sunkún lọ́jọ́ yẹn," Zélie wí.

"Nílé ni mo ti sunkún. Mi ò sunkún ní Canal."

Gbogbo Wọ́ọ̀dù Keje ló mọ òfin yìí. Kò sí ìwé kankan tí wọ́n kọ ọ́ sí, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún márùn-ún mọ̀ pé bí òun bá rí àǹtí òun nínú ọkọ̀ àwọn òyìnbó, kí òun má pè é.

Ní ìrọ̀lẹ́, Armantine jókòó ti Théogène lórí àtẹ̀gùn iwájú ilé. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Théogène ń fi èékánná ha ẹfun kúrò lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀.

"Ọdún kan kì í ṣe ayérayé," ó wí.

"Ìwọ ńkọ́? Kí ni ìwọ fẹ́?"

"Mo fẹ́ kó o kọrin. Mi ò fẹ́ kó o jókòó sílé mi, kó o máa wò mí bí ẹni tó jí nǹkan ẹ."

Bó bá jẹ́ pé ó sọ pé "Má lọ" ni, ilé ni Armantine ì bá wọ̀ lọ tú ẹrù rẹ̀. Ohun tó ń retí nìyẹn. Òun náà ò sì sọ pé òun ò fẹ́ lọ. Báyìí ni àwọn méjèèjì ṣe fi ìwà pẹ̀lẹ́ ṣe ara wọn léṣe, wọ́n sì dì mọ́ra wọn kí ilẹ̀ tó ṣú, bí ẹni tí ohun gbogbo dára fún.

*

Wọ́n lọ. Ọdún kan ní Chicago di méjì, méjì di mẹ́ta. Rédíò gbé ohùn wọn dé ibi tí wọn ò mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn èèyàn ń kọ lẹ́tà láti oko àti láti ìlú ńlá, wọ́n ń béèrè ẹni tó ń kọ èwo nínú àwọn mẹ́ta, nítorí ohùn wọn jọra ju ojú wọn lọ. Kò sí lẹ́tà kan tó béèrè ẹni àárín.

Ní ọdún kejì ni Théogène tẹ̀lé wọn wá. Ó gba yàrá kan ní ìhà gúúsù Chicago, níbi tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń gbé, ó sì ríṣẹ́. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì máa ń wà ní títì. Armantine á sọ fún Eudoxie pé òun ń lọ sọ́dọ̀ aránṣọ, á wé gèlè kan mọ́rí, á sì wọ ọkọ̀ lọ. Théogène á ti se ẹ̀wà pupa sílẹ̀ dè é, nítorí Mọ́ńdè tí ò bá sí ẹ̀wà pupa àti ìrẹsì níbẹ̀, kì í ṣe Mọ́ńdè lójú ará New Orleans.

"Ẹ̀wà yìí le," Armantine wí lọ́jọ́ kan.

"Ṣebí ìyàwó rere ló yẹ kó máa sè é. Ìyàwó mi ń kọrin fáwọn òyìnbó."

Ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó gún un lọ́kàn. Armantine gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Sọ ọ́. Sọ ohun tó wà nínú ẹ."

"Kí ni kí n sọ?"

"Pé ó ti tó. Pé kí n máa bọ̀."

Théogène náà gbé ṣíbí sílẹ̀. "Armantine, tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, tó o bá wá, àwọn ìwé ìròyìn á béèrè ẹni tó o fẹ́. Nígbà tí wọ́n bá rí mi, iṣẹ́ ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta parí lọ́jọ́ náà. Zélie á padà sílé lọ máa kọ́ ọmọ olówó ní dùùrù. Ẹ̀gbọ́n ẹ ò ní dárí jì ẹ́ títí á fi kú. Ṣé èmi ló yẹ kí n kó ìyẹn lé ẹ lórí? Ọjọ́ tó o bá fẹ́ jẹ́ ìyàwó mi, ìwọ fúnra ẹ lo máa sọ ọ́. Mi ò ní fipá mú ẹ."

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé e padà, Armantine ń bá ara rẹ̀ jà. Ṣé ìfẹ́ nìyẹn, kí ọkùnrin máa fún èèyàn láyè títí? Nígbà mìíràn ó máa ń wù ú kó jẹ́ pé oníjàgídíjàgan kan ló fẹ́, ẹni tó máa di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kí wá ni ìwọ náà dúró dè, ọkàn rẹ̀ bi í. O lẹ́nu. Ẹnu ẹ gan-an ni wọ́n torí ẹ̀ gbé ẹ wá síbí. Ó tú gèlè náà kí ọkọ̀ tó dé àdúgbò hòtẹ́ẹ̀lì, ó sì bu pọ́dà sójú.

*

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1928, New York pè wọ́n. Ọdún márùn-ún ni wọ́n kọ sínú ìwé, ọkọ̀ òkun á sì gbé wọn dé Lọ́ńdọ̀nù. Eudoxie buwọ́ lù ú lọ́jọ́ kan náà.

Armantine ò sùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó mọ̀ pé bí òun bá lọ sí New York, ó parí nìyẹn. Ó jókòó kọ lẹ́tà sí Théogène. Nínú èyí tó kọ́kọ́ kọ, ó ní: "Wá sí ibùdókọ̀ ojú irin ní Sátidé, kó o pe orúkọ mi lójú gbogbo wọn. Tó o bá ti pè mí, màá gbé àpótí mi sílẹ̀, màá bá ẹ lọ." Ó ka á, ó ya á. Ó tún kọ ọ́, ó tún ya á. Ìbẹ̀rù ló fà á, kì í ṣe ìgbéraga. Bí òun bá kọ ọ́, òun lòun fi ọwọ́ ara òun ba ayé àwọn ọmọ ìyá òun jẹ́. Ṣùgbọ́n bí Théogène bá pè é fúnra rẹ̀, bí orúkọ rẹ̀ bá ṣáà ti dún nínú ibùdókọ̀ náà, á jẹ́ pé bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Lẹ́tà tó padà fi ránṣẹ́ ò ju ìlà méjì lọ: "À ń lọ ní Sátidé, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Wá, kí n rí ẹ."

Ó ti pinnu ní tirẹ̀. Kó pè mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó wí lọ́kàn rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan péré.

Èrò pọ̀ ní ibùdókọ̀ lọ́jọ́ náà. Máníjà hòtẹ́ẹ̀lì wà níbẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé Zélie léjìká. Àwọn oníwèé ìròyìn méjì gbé kámẹ́rà wá. Armantine ò gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ń sọ, ẹnu ọ̀nà ló ń wò.

Ó sì rí i. Théogène wọ kóòtù tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àkẹtẹ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń la àárín èrò bọ̀, ojú rẹ̀ ń wá ojú Armantine. Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Ogún ìṣísẹ̀ ló kù láàárín wọn, ó ku mẹ́wàá. Ẹnu Théogène là. Armantine tú ìka rẹ̀ sílẹ̀ lára ọwọ́ àpótí.

Nígbà náà ni Théogène rí àwọn kámẹ́rà. Ó rí ọwọ́ òyìnbó lórí èjìká Zélie. Ojú rẹ̀ kú wẹ́rẹ́, bí ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni ní ìlú náà. Ó dé àkẹtẹ̀ rẹ̀, ó kọjú sí aago ńlá ara ògiri bí ẹni tí ọkọ̀ tirẹ̀ ti pẹ́, ó sì gba iwájú wọn kọjá. Apá kóòtù rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìbọ̀wọ́ Armantine.

Ó ti kà mí mọ́ wọn, Armantine rò. Ó ti fi mí sílẹ̀ bí Maman ṣe fi Numa sílẹ̀. Mo ti di òkú lójú ẹ̀.

Òun náà lẹ́nu tó lè fi pè é. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta ni Théogène fi jìnnà sí i, lẹ́yìn náà ó di mẹ́fà, ohùn tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń gbọ́ ò sì pè é.

"Armantine!" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló pè é. "Wá ńbí, wọ́n fẹ́ yà wá."

Ó lọ sáàárín àwọn méjèèjì. Fọ́tò náà jáde nínú ìwé ìròyìn lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀rín wà lẹ́nu gbogbo wọn.

*

Kò sí lẹ́tà mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Armantine ò kọ, nítorí ó rò pé wọ́n ti kọ òun. Théogène ò kọ, ìdí tirẹ̀ ẹ ó gbọ́ láìpẹ́.

Orin náà kò bà jẹ́ lọ́jọ́ kan, ṣe ló ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní 1935 Zélie fẹ́ dókítà eyín kan tí kò mọ irú ẹni tó fẹ́, ó sì ní òun ò ní kọrin mọ́, nítorí ẹ̀rù ń bà á kí ẹnì kan láti ilé má lọ gbọ́ ọ kó wá a wá. Eudoxie kó sí yàrá kan ní New York, ó ń gbọ́ àwọn àwo wọn àtijọ́ lójú kan. Ọkùnrin méjì ti bẹ Armantine kó fẹ́ àwọn. Ó dá àwọn méjèèjì lóhùn pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́, kò sì sí èyí tó gbà nínú wọn.

Ní oṣù kẹta ọdún 1936, lẹ́tà Nénaine Philonise dé. Ìyá wọn ti kú, wọ́n ti sin ín. Nénaine ò kọ̀wé ṣáájú ìsìnkú, nítorí ìyá wọn ló ní kó má kọ ọ́. Ó ní kí àwọn ọmọ òun má wá fi ẹkún tú àṣírí ara wọn níwájú ibojì òun.

Armantine nìkan ló wálé. Nénaine ti darúgbó, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣì mú.

"Théogène ti padà wálé láti ìgbà yẹn. Ó ti gbéyàwó. Ọmọ méjì. Má lọ síbẹ̀ o."

"Mi ò fẹ́ gba ọkọ ẹnikẹ́ni, Nénaine. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tí mo ṣe tó fi kà mí sí òkú."

"Ọmọ mi, àwọn nǹkan kan wà tó sàn kéèyàn má mọ̀ wọ́n."

Ó lọ síbẹ̀. Obìnrin kan jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń ṣa ewébẹ̀. Bó ṣe rí obìnrin funfun tó wọ aṣọ olówó ńlá ní ẹnu géètì òun, ó dìde fùú, ó nu ọwọ́ sára aṣọ.

"Ẹ káàárọ̀, Mà. Ṣé kò sí o?"

"Mò ń wá ọ̀gbẹ́ni Lazare, tó ń rẹ́ ilé."

"Théogène! Wọ́n ń béèrè ẹ o!"

Ó jáde. Irun rẹ̀ ti ń funfun, kì í ṣe ti ẹfun. Ó rí i, ó dúró gbagidi, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ tún kú bíi ti ọjọ́ ibùdókọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Mà," ó wí sókè. Ó sì sọ̀ kalẹ̀ wá sí géètì.

Ìyàwó rẹ̀ kó ewébẹ̀ rẹ̀ wọlé lọ. Ìgbà tí ìkòkò dún nínú kíṣíìnì ni Théogène tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

"Kò yẹ kó o wá. Ẹnì kan lè rí ẹ."

"Mo fẹ́ béèrè nǹkan kan. Lọ́jọ́ ibùdókọ̀."

"À, ọjọ́ yẹn." Ojú rẹ̀ là. Inú rẹ̀ dùn, lóòótọ́ ni inú rẹ̀ dùn, bí ẹni tó ti ń retí tipẹ́ kí ẹnì kan dárúkọ ọjọ́ náà. "Mi ò tíì sọ ọ́ fẹ́nì kankan, àfi Nénaine. Mo wá láti pè ẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo ti sọ fún ẹ pé mi ò ní fipá mú ẹ, àmọ́ nígbà tí lẹ́tà ẹ dé, mi ò lè mú un mọ́ra. Mo ní màá pè ẹ́ lójú gbogbo wọn, kó di ohun tó bá dà. Orúkọ ẹ ti wà lẹ́nu mi. Lẹ́yìn náà ni mo rí àwọn kámẹ́rà. Mo ní, Théogène, ṣé báyìí lo ṣe máa fẹ́ràn ẹ̀? Mo bá gbójú kúrò. Ohun tó le jù tí mo tíì ṣe láyé mi nìyẹn. Mo jókòó sí ẹ̀yìn ibùdókọ̀ títí di ọ̀sán."



"Tí mo bá gbọ́ yín lórí rédíò," ó ń bá a lọ, "màá sọ fún ara mi pé, ìwọ náà wà níbẹ̀, ọwọ́ ẹ wà nínú ẹ̀. Ọjọ́ tí iṣẹ́ ò bá sí, tí nǹkan bá le, ìyẹn ni mo máa ń rántí. Mo máa ń ní, ó kéré tán, mo ṣe nǹkan kan tó dáa." Ó gbójú sókè wò ó. "Mo ṣe dáadáa, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Òtítọ́ wà lẹ́nu Armantine, ó gbóná, ó wúwo. Àpótí mi ni mo ti fẹ́ gbé sílẹ̀. Orúkọ mi nìkan ni mò ń dúró dè. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi rò pé o kórìíra mi, ìwọ náà fi ọdún mẹ́jọ rò pé o gbà mí là. Ó gbọ́ tí ọmọ kan ń rẹ́rìn-ín nínú ilé. Bó bá sọ ọ́, òun á fúyẹ́, ọkùnrin yìí á sì gbé e wọ inú ilé yẹn lọ, kò sì ní í rí ibi gbé e kalẹ̀ títí ayé rẹ̀. Ìfẹ́ tó ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́ ò ju ọ̀rọ̀ kan tí kò ní sọ lọ.

"O ṣe dáadáa," ó wí.

Théogène mí kanlẹ̀. Ó fẹ́ sọ nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ yọjú lójú fèrèsé.

"Théogène, ta ni wọ́n?"

"Òyìnbó kan ni," ó dá a lóhùn láìbojú wẹ̀yìn. "Ó ń béèrè ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀." Ó na ọwọ́ sí ìsàlẹ̀ òpópónà, ó sì sọ ọ́ sókè kí ilé lè gbọ́: "Ẹ máa lọ tààrà, Mà. Ẹ yà sí ọwọ́ ọ̀tún."

Ìyàwó rẹ̀ ṣì ń wò wọ́n. Armantine wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó sọ fún Théogène pé "O ṣeun" bí àwọn òyìnbó ṣe máa ń sọ ọ́ fún òṣìṣẹ́, ó sì yà sí ọwọ́ ọ̀tún.